Òṣómàáló Inú Egbò

Agogo méjì òru. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé,
mo gbé àwo pẹlẹbẹ sókè síwájú iná.
Bébà róbótó mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, oògùn kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Èyí tó bá ká kòkòrò, ilẹ̀ á mọ́ yí i ká bí òrùka;
èyí tí kò bá ká a, kòkòrò á hù dé etí rẹ̀
bí koríko ti í hù dé ẹnu ilẹ̀kùn ahoro.
Mo kà á: kò sí òrùka. Kò sí. Kò sí.
Mẹ́sàn-án, kò sí.

Orúkọ ara ìgò: Fápọ̀hùndà, ọkùnrin,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, Ìrójò, Iléṣà. Egbò ojúgun.

Mo mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ mí.
Ìkìrun la wà nígbà náà, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ,
ó ta àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà fún ìyá mi láwìn.
Nígbà tí ọjọ́ pé tí owó ò pé,
ó dé kí àkùkọ tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì,
ó káṣọ sí àárín itan, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wa.
Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò mu omi wa.
"Òṣòó ni màá ló," ló wí, "títí n ó fi gbowó mi."
Ìyá mi gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ yáwó.

Nísinsìnyí, ohun kan ti lóṣòó sí ojúgun tirẹ̀
láti ìgbà Ọdún Àjíǹde.
Ó ti tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò, ó bù ú sójú egbò bí iyọ̀.
Ó ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì;
ọjọ́ méjì, ara fúyẹ́, ó kó ìyókù pamọ́ fún ìgbà mìíràn.
Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ṣe mọ ojú oògùn,
ó mọ ìró bàtà rẹ̀,
ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Bébà kẹwàá ni tuntun.
Èkó ni Dókítà Ìlúfoyè ti gbé e wá, nínú fúláàsì oníyìnyín.
Yí i ká, ilẹ̀ mọ́.
Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo tún wọ̀n ọ́n:
mílímítà mẹ́rìnlélógún.
N kò pariwo. Mo kàn mí kanlẹ̀.

Ìgò mẹ́ta lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.
Owó òòjọ́ kan ju owó oṣù mi lọ.
Ìbídùn ọmọ rẹ̀ ta oko kòkó tó wà lọ́nà Ìpetu.

Ọjọ́ kẹfà, egbò ò rùn mọ́. Bàbá fẹ́ relé.
"Ẹ jẹ́ ká ta ìgò tó kù," ló wí, "oníṣòwò ni mí."
Mo lọ sí wọ́ọ̀dù, mo dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀:
"Bàbá, nígbà tí ẹ ń ṣòwò ní Ìkìrun,
bí ẹnìkan bá san ààbọ̀ gbèsè, ṣé ẹ máa ń dìde?"
Ó wò mí títí.
"Ọmọ ta ni ọ́?"
"Ọmọ ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé."
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́.
Ó na apá sí nọ́ọ̀sì.

Ìgò kejìlélógójì wọlé lọ́jọ́ Sátidé.
Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé géètì.
Kò lè lóṣòó mọ́, orúnkún ò gbà,
ṣùgbọ́n ó rìn.

Lálẹ́ àná, àwo ẹlòmíràn:
ìyá ọlọ́mọ tuntun láti Ìlóko, ojú iṣẹ́ abẹ tó kọ̀ tí ò jinná.
Bébà tuntun wà láàárín, òrùka rẹ̀ mọ́ kedere.
Àfi ẹyọ kan. Funfun, kò tó orí abẹ́rẹ́,
nínú òrùka níbẹ̀, níbi tí ohunkóhun ò yẹ kó hù.
Mo nu awò ojú mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.
Mo ti àga sẹ́yìn, mo lóṣòó,
kí ojú mi lè bá ojú tábìlì dọ́gba,
mo ń wò ó
bó ṣe káṣọ sí àárín itan.